Dírílì Tí Kò Bá Bátìrì Wá

Ọjọ́ tí kápẹ́ńtà obìnrin kan ń kó lọ sí sọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì ìlú, bàbá rẹ̀ fi dírílì tuntun ta á lọ́rẹ. Bàbá yìí náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Onílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí ilẹ̀kùn tó bá fọwọ́ kàn kì í ké. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n jọ ń fá pákó nínú sọ́ọ̀bù.

Ọmọ ṣí páálí. Ó gbé dírílì náà, ó rí i pé ó fúyẹ́ jù. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ìdí ṣófo.

“Bàbá mi, bátìrì rẹ̀ dà?”

“Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Àmọ́ bátìrì tèmi bá a mu. Máa wá mú méjì ní Sátidé-Sátidé, màá ti bá ọ ṣájì wọn.”

Ọmọ dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ ó ń sọ pé ta ló ń ra abẹ́rẹ́ láìra òwú? Bàbá òun kì í ṣe ahun. Ó ní bóyá ọjọ́ orí ló dé.

Bí Sátidé bá ti dé, á wọ bọ́ọ̀sì fún wákàtí kan, bátìrì méjì tó ti kú nínú báàgì rẹ̀, á máa kùn lọ́nà. Tó bá débẹ̀, méjì tó ti kún á wà lójú fèrèsé, nínú aṣọ mímọ́. Bàbá kò ní jẹ́ kó tètè lọ. Á ní kó bá òun wo híńjì kan tí kò ní àìsàn kankan. Á bi í nípa àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun náà mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ bá ń padà lọ, kì í kùn mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, iṣẹ́ ńlá wọlé: kọ́bọ́ọ̀dù méjìlá fún ilé ìwé kan. Bátìrì méjì kò lè gbé e dé ọ̀sán. Ó bá gbé dírílì náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta irinṣẹ́, kó lè ra bátìrì tirẹ̀.

Ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò. “Èmi ni mo ta eléyìí fún Onílẹ̀kùn. Ìwọ lọmọ rẹ̀?”

“Èmi ni, mà.”

“Odindi ni mo kọ́kọ́ gbé fún un, tòun ti bátìrì àti ṣájà. Owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró títí, ó wá ní kí n yọ bátìrì kúrò. Ó ní tó bá pé pérépéré, kí ni yóò máa mú ọmọ òun wá sílé?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ kápẹ́ńtà lára. Abẹ́rẹ́ àti òwú tó ń rò ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn wá ń tì í lójú. Síbẹ̀ ó ra bátìrì àti ṣájà, torí iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, bàbá na bátìrì tó wà nínú aṣọ sí i.

“Mo ti ra tèmi, Bàbá mi.”

Bàbá rọra gbé e padà sójú fèrèsé. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá mu omi kí o tó máa lọ?”

Ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. “Mi ò tíì ń lọ. Ìyá onírinṣẹ́ ti sọ fún mi.”

“Obìnrin yẹn,” bàbá ní, “ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú ọmọ.

“Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ilé ti dá jù.”

“Tí mo bá sọ, àánú ló máa máa gbé ọ wá. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá mú bátìrì, iṣẹ́ rẹ̀ ló bá wá.”

 Ọmọ yọ bébà tó ya kọ́bọ́ọ̀dù sí jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. “Ilẹ̀kùn wọn ò bá igun mu. Ẹ bá mi wò ó.”

Bàbá wá awò rẹ̀, ó fi sójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ bébà náà títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Láti ìgbà náà, Sátidé kan ọmọ á wá, Sátidé kejì bàbá á wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, á jókòó sí sọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa wá àléébù sí híńjì.