Ẹ̀rín Ọmọ Tí Wọn Ò Tíì Bí

Má-tanná ni wọ́n ń pe obìnrin kan ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé inú yàrá òkùnkùn ló ń wà látàárọ̀, níwájú ẹ̀rọ síkáànì tó fi ń wo inú aláboyún. Ẹni tó bá ṣèèṣì tan iná lẹ́nu ọ̀nà á gbọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọ̀pọ̀ aláboyún ló bẹ̀rù ahọ́n rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Nígbà tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́tò ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán ilé ìwòsàn náà, láàárín onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń ta bàtà, ẹ̀rín ni Má-tanná kọ́kọ́ fi í rín. Àwòrán ìgbéyàwó ni Fọ́tò ń yà tẹ́lẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ síkáànì àlòkù kan, ó gbé àga onítìmùtìmù kalẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri, ó ní kí àwọn aláboyún máa wá wo ojú ọmọ wọn kí wọ́n tó bí i. Kò kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ló fi àwọn bọ́tìnnì hàn án ní ọ̀sán kan, ìyẹn náà sì ń kánjú.

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu Má-tanná lọ́jọ́ tó gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ti di oníbàárà níbẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ àbúrò náà nìyẹn. Má-tanná fúnra rẹ̀ ló ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí oyún wà ní ìdajì, ó sì sọ fún un pé ibi ọmọ, ìyẹn èyí tó máa ń jáde lẹ́yìn ọmọ, wà nísàlẹ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu ilé ọmọ. Ó ní kó má fòyà, pé bí ilé ọmọ bá ṣe ń tóbi, ibi náà sábà máa ń gòkè fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kó rí i pé òun padà wá bó bá di oṣù kẹjọ. Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ fi ojú ọmọ han òun. Ẹ̀gbọ́n ní ojú kọ́ ni òun ń wá, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Oṣù kẹjọ dé, àbúrò ò padà wá. Fọ́tò ti ń fi ojú ọmọ hàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti sọ fún un pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Gbogbo nǹkan wo? Ẹni tí kò mọ ibi ọmọ yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀ ìyá.

Ọkọ àbúrò pe gbogbo ẹbí sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n wá wo ọmọ. Má-tanná lọ, ó jókòó sẹ́yìn, ó ká apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ àbúrò rẹ̀, tí ìyẹn fà sẹ́yìn títí tó fi fara ti ilẹ̀kùn. Ìyá náà ní òun ò fẹ́ kí iná ẹ̀rọ yẹn ta sí òun lára, pé irú rẹ̀ ló ń sun ọmọ nínú. Má-tanná mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún ìyá pé ẹ̀sìréè tí wọ́n fi ń ya egungun nìyẹn, pé èyí ò ní iná kankan nínú. Ohùn ni, ohùn tó ga débi pé etí ajá pàápàá ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ á rán an wọnú, á wá máa dúró de èyí tó bá ta padà, bí ìgbà tí èèyàn pariwo sí ara òkè. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó padà ló fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Atẹ́gùn kì í jẹ́ kó wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́lì pa ikùn. Èyí tí kò bá padà, ara ló gbé e mì, ó sì di ooru díẹ̀ níbẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wá, tó sì tètè gbọ́wọ́ kúrò, kò tíì sí ọmọ tí wọ́n rí i pé ó pa lára.

Fọ́tò gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, inú rẹ̀ dùn.

“Ẹ ṣeun, Mọ̀mí,” ló wí. “Bíi fọ́tò lásán náà ni.”

Lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni Má-tanná sọ, ìyẹn ò sì wọ Fọ́tò létí. Àwòrán ojú ọmọ yọ lára ògiri, ó pọ́n bí oyin, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ọkọ àbúrò ní ọmọ òun ń rẹ́rìn-ín sí òun, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Fọ́tò wá yí bọ́tìnnì kan, ìró ọkàn ọmọ gba inú ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó tan rédíò, ó ń tàkúrọ̀sọ. Má-tanná mọ̀ pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ́tí sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn báyìí ni ooru rẹ̀ ti ń pọ̀ jù, àti pé egungun ló ń gbé e mì jù, egungun orí ọmọ lọkùnrin yìí sì dojú ẹ̀rọ kọ. Ó rí nọ́ńbà kékeré tó ń sọ bí ooru náà ṣe pọ̀ tó ní igun ojú ẹ̀rọ, ó ń gòkè.

“Nọ́ńbà wo nìyẹn?” ló bi í.

“Bátìrì ni, Mọ̀mí. Iná ń wọ inú rẹ̀.”

Ẹ̀rọ náà ò ní bátìrì, iná ìlú ló ń lò. Wáyà rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Má-tanná.

Má-tanná dìde, ó gba ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ Fọ́tò bí ìgbà tí èèyàn gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó pa ìró náà, ó sì gbé e wá sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ojú ọmọ kúrò lára ògiri. Àwòrán dúdú àti funfun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò rí orí tàbí ìdí rẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Ọkọ àbúrò bínú. Ó ní ìlara ló ń da ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun láàmú, pé nítorí àwòrán tirẹ̀ ò lẹ́wà ni.

Àbúrò ló kọ́kọ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ibi yẹn tẹ́ ẹ sọ, ṣé ó ti gòkè?”

“Kò gòkè. Ó ti bo ẹnu ọ̀nà pátápátá. Tó o bá rọbí báyìí, ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú ọmọ.”

Àbúrò nu jẹ́lì ara rẹ̀, ó sì wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n ń sọdá títì lọ sí ilé ìwòsàn, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ká ní ẹ̀gbọ́n fi ojú ọmọ han òun lọ́jọ́ náà ni, òun ò ní dé ọ̀dọ̀ Fọ́tò. Má-tanná di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Dókítà wò ó, ó rí ohun kan náà. Ó ní àbúrò ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, ilé Má-tanná tí kò jìnnà ni kó sì máa gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà láìsí ìrora kankan. Wọ́n gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó pọ̀ jù, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin kan jáde, tó ń ké kíkankíkan. Ìyá rẹ̀ náà là á já.

Ọkọ àbúrò ra ẹ̀bùn, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọ́tò. Ó ní bí kò bá sí ti ẹ̀rọ rẹ̀ ni, wọn ì bá má mọ̀. Fọ́tò gba ẹ̀bùn náà, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà bí òun ṣe gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ là.

Má-tanná lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá àwọn aláyẹ̀wò ìlera. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà burú gan-an, òun fúnra òun máa lọ síbẹ̀. Ó sì lọ lóòótọ́. Ó mú ìyàwó rẹ̀ aláboyún dání, ó ní kí Fọ́tò ya ojú ọmọ inú rẹ̀ sínú fídíò fún àwọn.