Igi Mẹ́ta Lórí Òkúta Ṣàkírù

Ẹkúndayọ̀ fi ọwọ́ kan di ìdí igi kékeré náà mú, ó ń fi èkejì da omi sí gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú kẹ́tùlù. Ó fẹ́ kí erùpẹ̀ náà fúnra rẹ̀ jábọ́, kí àwọn gbòǹgbò tó rí tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun má baà já. Nígbà tí erùpẹ̀ kúrò tán, ó gbé igi náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó tibí tọ̀hún bí ẹni ń yẹ pépà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu máṣíìnì wò. Lẹ́yìn náà ó fi àkísà tútù wé gbòǹgbò rẹ̀. Ó ku méjì.

Tàwàkálítù, ìyá Fuad, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú ilé náà ní Ladi-Lak, ní Èkó, gbé abọ́ aṣọ jáde.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ lẹ ń wẹ̀ ni?"

"Igi ni."

"Mo rí i pé igi ni. Bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ló ń yà mí lẹ́nu. Ó ku kẹ́ ẹ fi òrí pa á lára."

Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti àárọ̀ Sátidé náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá a sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ òun náà ni ẹni ìkẹyìn lọ́jọ́ náà.

Júnípà ni igi náà, igi tí ewé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí àwọn olówó máa ń gbìn yí ilé wọn ká. Sabina, ìyàwó rẹ̀, ló mú wọn wálé. Ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù ló ti ń ṣe ìmọ́tótó nígbà náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọgbà ọ́fíìsì náà, ó ṣa ẹ̀ka mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù, ó fi ọ̀rá wé wọn, ó sì kì wọ́n bọ inú agolo tòmátò. Ẹkúndayọ̀ ní wọn ò ní yè. Sabina ní, "Wọ́n ní igi yìí kì í tètè dàgbà. Èmi náà ò kánjú."

Ọdún méjì rèé tí Sabina ti kú. Àwọn igi náà kúrò nínú agolo, wọ́n bọ́ sínú ike ọ̀dà, wọ́n sì ga tó igbọ̀nwọ́ kan. Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, àwọn igi ni Ẹkúndayọ̀ máa ń kí.

Ní Tuesday tó kọjá ni ẹni tó ń bójú tó ilé wá sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n máa da kọ̀ǹkéré sí àgbàlá ní Monday. Ohunkóhun tí wọ́n bá bá nílẹ̀, ọkọ̀ ìdọ̀tí ló máa gbé e. Iwájú yàrá Ẹkúndayọ̀ kò gba ike ọ̀dà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n pẹpẹ kan wà níbẹ̀ tó lè gba òkúta kan.

Inú fóònù ló ti kọ́ ọ. Bàbá arúgbó ará Japan kan ló ń gbin irú igi yìí sórí òkúta, tí òkúta náà wá dà bí òkè, tí igi náà sì dà bí ìrókò tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Bọ́nsáì ni wọ́n ń pe irú igi kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹkúndayọ̀ ti wo fídíò náà ju ogún ìgbà lọ. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí bàbá náà ń sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, èdè kan náà sì ni ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ. Ó rí i pé wáyà ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ó tú wáyà bàbà inú mọ́tò ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí wọ́n máa ń pò papọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ihò ara òkúta ńlá kan tó ti wà nílé rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fà wọ́n wò. Wọn ò mì.

Ó ti po amọ̀ mọ́ èèpo àgbọn tó ti jẹrà, ó pò ó títí ó fi ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tútù. Nínú àwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó to àwọn ewé wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hù lára ògiri tútù síbẹ̀, tó rí bí àkéte aláwọ̀ ewé.

Tàwàkálítù bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹ gbà mí o. Ṣé kì í ṣe èyí tí mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ dànù nínú balùwẹ̀ nìyí?"

"Òun ni. Mo ṣáájú rẹ débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Òun ló máa bo amọ̀ náà, kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ."

"Ẹ kú làákàyè. Tó bá kù, mo ní púpọ̀ sí i lẹ́yìn tánkì."

Ẹkúndayọ̀ mọ amọ̀ yí etí ihò àkọ́kọ́ ká bí ìganná, ó da yanrìn àti erùpẹ̀ sí i, ó gbé igi tó ga jù lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá di igi náà mú kó dúró, ọwọ́ kan ló kù láti fi lọ́ wáyà, ọwọ́ kan kò sì lè lọ́ ọ. Bó bá fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ wáyà, igi náà á wó. Ó fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há a. Ó fi eyín di ẹ̀ka rẹ̀ mú. Nígbà kẹta tó wó, gbòǹgbò kan já.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú," ni Tàwàkálítù wí. Ṣùgbọ́n ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, igi náà yọ̀ bọ́, ó sì kó amọ̀ dání lọ sílẹ̀. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́rin nìyí, ẹni tó sì mọ bí ọwọ́ yín ṣe ń rìn ló lè bá yín ṣe é. Ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní Pedro ńkọ́? Bàbá Ahmed?"

Ẹkúndayọ̀ ń wo òkúta náà.

Òkúta Ṣàkírù, Bàbá Ahmed yẹn gan-an, ni. Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti oko bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lọ́dún tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye. Orí pépà tó bá ká kò ni wọ́n máa ń gbé e lé kí pépà náà lè tẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jọ dúró ti máṣíìnì kan náà, Ẹkúndayọ̀ níbi tí pépà ti ń wọlé, Ṣàkírù níbi tó ti ń jáde. Ariwo máṣíìnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn, nítorí náà ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé náà kógbá wọlé, Ẹkúndayọ̀ gbé òkúta náà lọ sílé, Ṣàkírù sì ní kò burú.

Nígbà tí Sabina kú, Ṣàkírù ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, pósí wà nílẹ̀, Ẹkúndayọ̀ ṣí ìwé náà, ó sì rí i pé ojú ìyàwó òun yí padà. Àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì rẹ̀ ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó to fíìmù fọ́tò náà nílé ìtẹ̀wé ló yí i dojú délẹ̀, tí òsì fi di ọ̀tún. Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ ní mọ̀. Ẹkúndayọ̀ gbé páálí ìwé náà, ó dà á sínú gọ́tà lójú gbogbo èèyàn, ó sì ní kí Ṣàkírù má ṣe tún tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé wọ́n gbé prúùfù, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ ìwé, wá bá òun lálẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Kò wò ó. Omi wà lójú rẹ̀, ó kàn fọwọ́ sí i. Kò sì sí ẹni tí kò mọ òfin náà ní Bajulaiye: ẹni tó bá fọwọ́ sí prúùfù ló ni àṣìṣe.

Ẹkúndayọ̀ tún rẹ àkísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi. Bí wọn ò bá gbẹ, àwọn gbòǹgbò náà lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó fọ amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ọ̀nà Pedro lọ.

Rọ̀kíbátù, ìyàwó Ṣàkírù, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni Ẹkúndayọ̀ wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn o, Bàbá Ẹ̀bùn. Ó wà lókè."

Ṣàkírù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, rédíò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti hu irùngbọ̀n funfun. Kò dìde.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Mo kàn bèèrè ni. Ìsìnkú la ti ríra gbẹ̀yìn."

Ẹkúndayọ̀ dúró lójú kan. Lójú ọ̀nà, ó ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. "Ṣàkírù, èmi ni mo fọwọ́ sí prúùfù yẹn."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o ò sì sọ."

"Kí n sọ ọ́ níwájú pósí?" Ṣàkírù pa rédíò. "Prúùfù náà wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà. Bí o ṣe ń da ìwé sí gọ́tà, mo fi ọwọ́ bo àpò mi. Mo ní ìyàwó ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí ló kú, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wàá wá."

"Ojú ló tì mí."

"Ọdún méjì, Dayọ̀."

"Ojú ṣì ń tì mí báyìí."

Rọ̀kíbátù ti gòkè wá, ó fara ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ bá àpá jà. Ìwé tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wò ó, mo ní ojú tí Sabina fúnra rẹ̀ ń rí nínú dígí láràárọ̀ nìyí. Bó ṣe mọ ara rẹ̀ nìyẹn."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń polówó káàdì.

"Kí lo wá gbà gan-an?" ni Ṣàkírù bèèrè nígbà tó yá.

"Mo fẹ́ kí o wá bá mi di igi mú. Mo ń gbìn ín sórí òkúta rẹ."

"Òkúta mi." Ó na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. "Ó dáa tí o rántí pé tèmi ni."

Nígbà tí wọ́n dé Ladi-Lak, Ṣàkírù kò béèrè púpọ̀. Ó di igi tó ga jù mú, Ẹkúndayọ̀ lọ́ wáyà. Kí ó tó sọ pé wáyà á gé gbòǹgbò jẹ, Ṣàkírù ti na ọwọ́ sí i fún nǹkan tí wọ́n máa tì sábẹ́ rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ gbé rọ́bà máṣíìnì ìtẹ̀wé wọn àtijọ́ tó ti gé sí wẹ́wẹ́ fún un. Ṣàkírù fi àtàǹpàkò pa á, ó mọ ibi tó ti wá. Ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Igi kejì kò gbà wọ́n ní àkókò rárá.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta, tó kéré jù, Ṣàkírù dúró.

"Ìwọ nìkan ni gbogbo wọn kọjú sí. Ẹ̀yìn wọn ni èmi ń rí níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú fídíò. Iwájú kan ṣoṣo ló máa ń ní."

"Ẹni tó ṣe fídíò yẹn, ó jọ pé òun nìkan ló ń gbélé. Yí èyí padà."

"Ó ti mọ́ ọ lára láti máa yí ojú èèyàn padà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí Ẹkúndayọ̀ tó gbọ́ ọ. Ó gbé ojú sókè. Ṣàkírù ń wò ó, ẹnu rẹ̀ gbọ̀n, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi tí igi náà fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dì í mú dáadáa," ni Ẹkúndayọ̀ wí. Omi ti kún ojú òun náà, kò rí wáyà mọ́ dáadáa.

Igi kẹta kọjú sí òdìkejì. Wọ́n tẹ ewé ara ògiri mọ́ amọ̀ náà, wọ́n sì fọ́n omi sí i. Ó wá dà bí òkè tí èèyàn ń rí lọ́ọ̀ọ́kán láti inú ọkọ̀, igi méjì dúró papọ̀ ní apá kan, ẹyọ kan ní apá kejì. Ṣàkírù wo pẹpẹ iwájú yàrá, ó wo òrùlé tó bò ó.

"Oòrùn kì í dé ibí."

"Mo mọ̀. Kò sí ibòmíràn."

"Láti aago méje ló ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

Ẹkúndayọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó pẹ́ níbi tó ti ń nù ún. "Òkúta rẹ ni," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Igi ìyàwó rẹ ni. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lómi."

"Fífọ́n ni, kì í ṣe dídà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́."

"Nígbà náà, ìwọ lo máa máa wá fọ́n ọn."

Bárò ni wọ́n fi gbé e lọ. Tàwàkálítù dúró lẹ́nu géètì. "Ẹ rọra o. Ìyàwó tuntun kì í gba gbàgede sáré."

Ní Monday, wọ́n da kọ̀ǹkéré náà. Ẹkúndayọ̀ jókòó sínú yàrá títí wọ́n fi ṣe é tán. Nígbà tó jáde, àgbàlá náà tẹ́jú, ó rí eérú eérú, kò sì sí ohun tó lè kí níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Tuesday, kó tó di aago méje, ó bu omi kún ike ìfọ́nmi rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látìta, ó sì gba ọ̀nà Pedro lọ. Rọ̀kíbátù ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní ẹni yẹn ṣì ń sùn. Ẹkúndayọ̀ gòkè lọ jẹ́jẹ́. Oòrùn ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó fọ́n omi sí àwọn igi náà, ó fi ìka kan wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Wọ́n dúró. Ó fa àga kan sí ọ̀dọ̀ igi kékeré tó dá kọjú sí òdìkejì, ó jókòó tì í, ó ń gbọ́ bí Ṣàkírù ṣe ń hanrun nínú yàrá, ó sì ń dúró dè é kó jí. Kò kánjú.