Púlọ́ọ̀gì tí Mo Yọ Nítorí Àrá

Èmi ni mo yọ púlọ́ọ̀gì náà, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Bí àrá bá ti kù báyìí n'Íkòròdú, èmi ìyá àgbà yìí á yọ tẹlifíṣọ̀n, á yọ fíríìjì, á fi aṣọ bo dígí, á wá jókòó bí adìẹ tó ń sàba. Lọ́jọ́ yẹn, mo yọ àpótí kékeré tí Morádéyọ̀ gbé sí pálọ̀ mọ́ ọn, mo fi ìró wé e, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tún ń yin ara mi!

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ẹkún ní yàrá. Morádéyọ̀, ọmọ ọmọ mi, ló dorí kodò síwájú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló dé?"

"Màmá, Waliyah ò lè wọlé mọ́. Ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú."

Waliyah ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń wa yanrìn lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà gbé àbúrò rẹ̀, Abdulhakeem, lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀gá wọn sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Waliyah ní fọ́tò tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn, ó sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ jáde sí wa. Ṣùgbọ́n inú ọgbà wọn ni Waliyah ń gbé, wọn kì í jẹ́ kó jáde. Wọ́n ń ṣọ́ ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ, wọ́n sì ń yẹ fóònù wọn wò nírọ̀lẹ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Morádéyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bójú tó nìkan ló kù. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àpótí pálọ̀ yẹn sì ni ẹnu ọ̀nà Waliyah. Àmọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ọgbà wọn ti kó lọ sórí àdírẹ́sì tuntun, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń wá ara wọn, àwọn tó gùn gbọọrọ, àpótí wa ò sì mọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Òun ni Morádéyọ̀ ò fi sùn dáadáa, tó ń kọ́ ọ ní tuntun.

"Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀," ló wí. "Ó ti kú báyìí. Bóyá n ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Màá tú gbogbo ẹ̀ ká, kí n dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀."

"Dúró ná. Àpótí tó ń ṣẹ́jú bí ológbò yẹn?"

"Màmá! Kí lẹ ṣe?"

Ìdí mi yìí tóbi, àmọ́ mo sáré. Mo tú ìró, mo ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ti fẹjú. Ó ń já bọ́.

"Ẹ dì í mú! Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á kú!"

Àrá sán gààràgà lórí páànù. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo tọ̀ sára díẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀.

"Ó ti wọlé!" Morádéyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Àdírẹ́sì tuntun ló gbà wọlé!"

Fọ́tò náà ń yọ díẹ̀díẹ̀: fìlà Abdulhakeem, iwájú orí, ẹ̀rín, lẹ́yìn náà orúkọ iléeṣẹ́ wọn gàdàgbà lára ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó pé.

Ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e. Morádéyọ̀ na ọwọ́ láti fèsì, ó tún ká a kò; bóyá fóònù náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa méjèèjì kàn ń wò ó:

"Wọ́n ti dé, mo ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ ní fọ́tò rẹ̀ báyìí. Ṣé ojú rẹ̀ hàn dáadáa?"