Ẹni Tí Àáró Kò Kàn

Akọ màlúù Orrin Sletten kọ̀ jálẹ̀, kò jáde nínú ìgbẹ́ ẹlẹ́gùn-ún tó sá wọ̀, Ardis sì ti pariwo mọ́ ọn títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó ṣa òkò kan, ó jù ú, ó bà á nídìí. Ẹran náà wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó fọn imú, ó sì rìn jáde jẹ́jẹ́ lọ bá àwọn ìyàwó rẹ̀. Bí Ardis ṣe ń gun ẹṣin padà ni ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn. Ó tutù ju bó ṣe yẹ kí òjò tutù lọ.

Ó gbójú sókè wo ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run níbẹ̀ ti ṣú bí ìdí ìkòkò, kò sì sí òkè tàbí igbó kankan tí yóò dá a dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá yẹn, aburú kì í yọ́ wá báni. Èèyàn á máa wò ó bó ṣe ń bọ̀ láti àárọ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lánàá, aṣọ alápá péńpé ni ó fi ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni. Ewé igi etí odò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni, irun òtútù kò sì tíì hù lára màlúù ẹnikẹ́ni. Irun ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá kọ́kọ́ rin irú irun bẹ́ẹ̀ gbingbin, tí yìnyín wá bọ́ lé e, tí atẹ́gùn sì dé e ládé, ẹran tó sanra lónìí lè di òkú lọ́la. Rédíò ti ń pariwo rẹ̀ láti ìdájí.

Ìdí nìyẹn tí ilé mẹ́ta fi pàdé ní àgbàlá Orrin láàárọ̀: Orrin fúnra rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Wade Keller, tí oko rẹ̀ bá ti Orrin pààlà, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti Ardis Tveit. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Láti ayé àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Gbogbo wọn á gun ẹṣin lọ sí pápá ẹnì kan, wọ́n á da màlúù rẹ̀ wálé sí abẹ́ ìlà igi tó ń gba atẹ́gùn dúró, wọ́n á sì kọjá sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí Leland ọkọ Ardis wà láyé, tirẹ̀ ló máa ń ṣìkejì. Láti ìgbà tó ti kú, ó ti di ìkẹta. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni, Ardis sì rí i, ó gbé e mì.

"Tèmi la ó kọ́kọ́ kó," Orrin ti wí láàárọ̀ náà, ó ń fa okùn gàárì rẹ̀. "Ká tó bọ́ sí ti Wade. Ti Leland ò le, ìyẹn á kẹ́yìn."

"Bàbá Sletten, pápá tèmi ló jìnnà sílé jù," Ardis wí. "Kò sì sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀."

"Ìyàwó Leland, ṣebí màlúù ọ̀hún ń jẹ́ ìpè bí ajá? Àwọn ẹhànnà tèmi yìí ló yẹ ká fi agbára òwúrọ̀ kó. Kí ló ń lé ọ?"

"Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìnyín nínú oṣù kẹwàá?" Wade dá sí i. "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Tílẹ̀ bá ṣú tí yìnyín ò já, ẹ̀yin lẹ máa se oúnjẹ alẹ́ fún gbogbo wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí i sí ẹ̀rín ara rẹ̀.

Ti Leland, ti Leland. Leland ló nilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ardis ń bọ̀ nílé ọkọ, bàbá rẹ̀ fa àwọn abo màlúù díẹ̀ lé e lọ́wọ́, dípò owó, dípò àga àti bẹ́ẹ̀dì. Inú àwọn yẹn ni gbogbo agbo yìí ti jáde. Òun ló ń dúró ti àwọn ìyá wọn nígbà ìrọbí, òun ló mọ ọmọ ta ni ta ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí agbo náà bá sì lọ, ilẹ̀ nìkan ò lè bọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní ìlú Fargo ti ń sọ fún un tipẹ́ pé kó ta gbogbo rẹ̀, kó wá máa gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé òun. Ó ti rí yàrá náà. Ògiri ilé ẹlòmíràn ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Nígbà tí wọ́n fi kó ti Orrin tán, ọ̀sán ti pọ́n, òjò sì ti dúró sí i. Bernice ìyàwó Orrin gbé kọfí àti búrẹ́dì ẹlẹ́ran wá bá wọn lẹ́bàá géètì.

"Gba kọfí, Ardis."

"Rárá, ẹ ṣeun, mi ò fẹ́."

"Gbà á, ó gbóná."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

"Obìnrin yìí, òtútù ti kùn ọ́ létè. Gbà á!"

Ó gbà á, ó sì mu ún tán kí wọ́n tó mu tiwọn dé ìdajì.

Ti Wade ló gba àkókò. Àwọn kan nínú màlúù rẹ̀ ya wọ àfonífojì tó kún fún igi wẹ́wẹ́, Ardis ló sì wọlé tọ̀ wọ́n, nítorí ẹṣin rẹ̀ ló dúró dáadáa jù lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀ka igi fà á lójú ya. Ó da àwọn ẹran náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ rere sí wọn, bí ẹni pé òun ló ni wọ́n. Nígbà tí Wade fi ti géètì mọ́ èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, òjò ti ń dà pọ̀ mọ́ yìnyín, atẹ́gùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu lórí wáyà.

"Orí yín ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí," Wade wí fún un. "Ká ní èmi àti Bàbá nìkan ni, inú kòtò yẹn ni àwọn ẹran yìí ì bá sùn."

Ardis fa ìjánu. Ó ti yí orí ẹṣin rẹ̀ sí ọ̀nà pápá tirẹ̀ ná.

Orrin ti so ẹṣin tirẹ̀ sínú abà Wade, ó sì ń gòkè wọ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí Bernice fi wá gbé e. Ó fa fìlà wálẹ̀ sójú, ó wo ọ̀nà ilé rẹ̀, ó wo Ardis.

"Ó ti ń di yìnyín o. Ìyàwó Leland, ṣé wàá lè dá ìyẹn kó?"

"Ẹ má ṣèyọnu," Ardis wí. "Mo máa rí i ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Kò sí ọmọ bíbí ilẹ̀ yẹn tó máa ń dáhùn "mo fẹ́" sí ìbéèrè àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ kọfí ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè náà mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tún un béèrè. Ardis dúró lórí ẹṣin, omi ń kán ní etí fìlà rẹ̀, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu: rárá o, Bàbá, mi ò lè dá a ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ.

Orrin mi orí pé òun gbọ́. "Ó dáa nígbà náà," ó wí, ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé.

Ó mọ ohun tó ṣe. Ardis rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Bernice náà mọ̀ ọ́n, torí kò gbójú sókè níbi tó ti di ìdarí ọkọ̀ mú. Wade ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ pè wá o, tó bá…" ó wí, ariwo ọkọ̀ sì gba ìyókù mọ́ ọn lẹ́nu.

Inú Ardis kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó da ẹṣin náà, tó ti rẹ̀ dé eegun, sí ojú ọ̀nà.

Kó tó dé pápá, yìnyín ti gba ojú ilẹ̀. Ó ṣí géètì tó kọjú sílé sílẹ̀ gbayawu, ó dè é mọ́ òpó kí atẹ́gùn má bàa tì í, ó sì gun ẹṣin wọlé. Ó bá wọn ní ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n pọ̀ mọ́ra, wọ́n kẹ́yìn sí ìjì, àwọn ọmọ wọn wà láàárín. Irun ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì ń gbọ̀n. Abo arúgbó tó máa ń ṣíwájú wọn, èyí tí òtútù ti gé etí rẹ̀ kan jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ló kọ́kọ́ rí i.

"Kóòòò-bọ́ọ̀sì!" Ardis pè wọ́n, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń pè. "Kóòòò-bọ́ọ̀sì! Ẹ jẹ́ ká lọ sílé!"

Abo náà yí padà, ó tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Wọ́n rìn díẹ̀, inú Ardis sì fẹ́ẹ̀ máa dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ilé gan-an ni ìjì náà ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ odò, yìnyín gbá wọn lójú, abo náà dúró, ó mi orí, ó mi orí, ó sì kẹ́yìn sí i. Kò sí màlúù tó máa fi ojú gba irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n dà á. Ardis sáré lọ sẹ́yìn wọn, ó ń fi okùn nà wọ́n. Bó bá ti apá ọ̀tún, apá òsì á yọ̀ bọ́. Bó bá sáré dé òsì, ọ̀tún á ti lọ. Ẹni mẹ́ta ni iṣẹ́ náà.

Láìpẹ́, gbogbo agbo náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjì lọ.

Ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ: igun tí wáyà ti pàdé wáyà ní ìsàlẹ̀ pápá. Nígbà tó wà lọ́mọbìnrin kékeré, bàbá rẹ̀ mú un lọ wo irú igun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìjì kan. Ẹran gun orí ẹran, yìnyín dí wọn nímú, àwọn tó kẹ́yìn sì rìn kọjá lórí wọn. Ó fi gìgísẹ̀ gún ẹṣin, ó gba ẹ̀gbẹ́ agbo náà sáré ṣíwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú nígbà tó fa ẹ̀mú yọ nínú àpò gàárì. Eyín ló fi bọ́ ìbọ̀wọ́. Wáyà àkọ́kọ́ já, ó ta lọ sínú òkùnkùn yìnyín. Ó gé ìkejì, ó gé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀, ilẹ̀ ìjọba ni, ó ṣí sílẹ̀ gbalasa títí dé bèbè odò ńlá, níbi tí ilẹ̀ ti gé sísàlẹ̀ bí ògiri láìsí ọgbà kankan. Bí wọ́n bá rí kòtò tí atẹ́gùn kò dé kí wọ́n tó dé bèbè náà, díẹ̀ lè yè é. Ó wọ́ wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì yà fún wọn.

Wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ báyìí, ní mẹ́ta-mẹ́rin, ojú wọn ti funfun. Ó mọ ìkọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ló ti wá yé e. Láàárọ̀, kí atẹ́gùn tó dìde, ká ní ó ṣí géètì, tó sì pè wọ́n, gbogbo wọn ni ì bá tẹ̀lé e wálé. Kò ní í lò ju ohùn rẹ̀ lọ. Kò nílò Orrin, kò nílò Wade, kò tilẹ̀ nílò ẹṣin. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń di gàárì ní ìdájí. Ó fẹ́ kí wọ́n wá ni. Ó fẹ́ kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn wọ pápá rẹ̀, kí wọ́n tẹ̀lé e lẹ́yìn, kí ẹnì kan ṣáà fi ẹnu ara rẹ̀ pe agbo náà ní ti Ardis. Nítorí èyí ló ṣe fi gbogbo ọjọ́ kó ẹran ẹlẹ́ran.

Abo arúgbó náà dé ojú àlàfo, ó sì kọjá.

"Kóòòò-bọ́ọ̀sì," Ardis pè, kò pariwo rẹ̀ mọ́.

Abo náà gbọ́. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo yí sẹ́yìn sí ibi tí ohùn ti wá, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹran náà sì ń rìn lọ.