Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Ràdíátù Sọ

Ọjọ́ kejì Iléyá, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Rekiat ọmọ mi ń gé ẹran lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá mi, ohun tó ń gbọn Màámi lọ́wọ́ yẹn, òun gan-an ni mò ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì." Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Òun náà ló dúró síwájú ilé ìwòsàn yìí, lẹ́yìn Wharf Road níbí lónìí. Ẹnu mi ló ń wò.

Àsùbáà ni Ràdíátù ìyàwó mi dákẹ́. Oòrùn ti mú báyìí. Àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ ẹ́ ti dé, wọ́n ti jókòó. Rekiat fẹ́ kí n gbà kí dókítà mú díẹ̀ nínú ọpọlọ ìyá rẹ̀. Díẹ̀. Kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ní… Yínúsà, àbúrò ìyàwó mi, ní kí wọ́n má dán an wò. "Àmáánà tí Ọlọ́run fi sọ́wọ́ wa ni ara, Bàbá Rekiat. Bí ó ṣe wá ni kó ṣe padà. Kí a tó kí ìrun Alásárì, ilẹ̀ ló yẹ kó wà."

Bí ó ṣe wá. Ta ló rántí bí ó ṣe wá?

Èmi kì í gba ohun tí kò bá dúró sójú kan. Mo ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún kí n tó mọ ìwé kà. Ara àpótí tí à ń rù ní wáàfù ni mo ti ṣà á kọ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tó bá jẹ́ A lánàá, A náà ni lónìí. Ìyẹn ni mo gbára lé. Nígbà tí Rekiat wá ní purotéènì kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa, ohun tín-ín-tín bí okùn, tí kò ní ìrísí kan pàtó — mo ní irọ́ ni. Ohun tí kò ní ìrísí, kí lẹ rí tí ẹ ń wò?

"Ó ní ìrísí, Bàbá mi. Kì í kàn ṣe ìrísí kan ṣoṣo ni. Bó ṣe ń ká ló ń nà. A óò gbé e sáàárín òòfà ńlá kan, a óò fi ìgbì bíi ti rédíò pè é, òun náà á dáhùn. Ìdáhùn yẹn la fi ń mọ bó ṣe ń yí."

"Ẹyọ kan ló ń dáhùn?"

"Rárá o. Ẹgbàágbèje wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ariwo ọjà nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá tẹ́tí sí ariwo ọjà dáadáa á mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ó ní yíyí tó ń yí yẹn gan-an ni àlàáfíà rẹ̀. Ọjọ́ tó bá dúró, tó lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó le… wàhálà dé: ọwọ́ á máa gbọ̀n, iyè á máa ra. Èyí tó rọ̀, àwọn ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó le, bí àwọn ṣe ń ṣe é nínú ìgò kò jọ ti inú ọpọlọ ènìyàn. Àfi kí wọ́n rí díẹ̀ fi ṣe irúgbìn, bí ẹni da omi ògì tó ti kan sí tuntun.

Mo gbọ́. Agídí mi kò pọ̀ débi tí mi ò fi ní gbọ́. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Ohun tí Ràdíátù sọ ni. Èyí tó sọ — èwo?

Lẹ́yìn ààwẹ̀ èṣí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Rekiat, tí mo bá kú, mú u. Kí ni kòkòrò fẹ́ fi ọpọlọ ṣe? Tàbí kí ẹ fi kún ti bàbá rẹ, bóyá agídí wọn á dín kù." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an. Ìyẹn ọ̀kan. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dì í gan-an… "Bàbá Rekiat, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé mi o." Èmi nìkan ni mo gbọ́ ìyẹn. Tí Yínúsà bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ parí. Tí Rekiat bá gbọ́ ọ… kò ní bẹ̀ mí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò yẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi pè mí. Ṣé kí n wá sọ pé kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ń ṣàwàdà náà, ó bi mí pé ta ni mo jẹ́. Ràdíátù ti òwúrọ̀. Ràdíátù ti ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, pé màá rí ojúlówó, pé tí mo bá rí i, màá kàn bi í —

Azubuike tí òun àti Rekiat jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé kúlà yìnyín dání. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan: "Baba, no rush. Na only say the ice dey melt small-small." Ọmọ dáadáa ni.

Kò sí ojúlówó kankan tí mo máa ṣà. Òun ló ní kí wọ́n mú u. Òun ló ní kí wọ́n má gé òun. Gbogbo rẹ̀ pátá ni òun. Ó ti sọ tirẹ̀, ó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni kò tíì sọ nǹkan kan? Èmi. Ẹnu òkú ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí.

Kí wá ni tèmi… Pípé tí Yínúsà ní ká dá a padà ní pípé yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán tapólì ìbòrí ẹrù fún àwọn onítírélà ní Creek Road. Lẹ́yìn náà, òórùn ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn gígùn. Ẹ̀rín ojú. Oorun. Orúkọ Yínúsà. Orúkọ mi.

Lónìí, èémí. "Rekiat," mo ní, "ẹ mú díẹ̀ yẹn; èmi ni mo sọ ọ́."