Ọkọ̀ Tí Gèlè àti Fìlà Kún

Bí n kò bá dé ilé ìwé kan ní Ute kí aago méjìlá tó lù, wọn yóò gba olùkọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì Ọ̀wọ̀, gèlè, agbọ̀n àti fìlà ti gba gbogbo àyè inú ọkọ̀; àwọn tó ni wọ́n ń jẹun ní búkà.

“Tíṣà, fìlà ló ṣáájú yín dé,” ni Kàsúmù awakọ̀ wí.

Mo gbé ìbínú mì.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ ti kún?”

“Fọ́fọ́!”

“Ẹ jẹ́ kó gbéra nígbà náà.”

Kàsúmù rẹ́rìn-ín, ó ṣáná sí ọkọ̀. Àwọn èrò sáré jáde ní búkà tòkèlè-tòkèlè.

“Kàsúmù! Ṣé gèlè mi ló fẹ́ dá lọ Ute ni?” ni Sàlímọ́tù, ọ̀kan nínú wọn, ké.

Ẹni tó ni fìlà nìkan ni kò yọjú. Mo fi fìlà rẹ̀ kọ́ òpó gáréèjì, mo sì jókòó sí àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀.