Orúkọ Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Jónà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ sì yá mi létí yín fúngbà díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní Oke-Opin fún yín, kò sì tíì pẹ́ tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lónìí, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe lè wúwo lọ́rùn ọmọ èèyàn, kó wá nǹkan fìdí lé.

"Jónà, àwa ò lé ọ. Ṣé o gbọ́ mi? Kò sẹ́ni tó lé ọ," ni Olóyèdé ń sọ, tó ń fi fìlà fẹ́ra.

"Ẹ ò lé mi lóòótọ́," Jónà dáhùn. "Àmọ́ ẹ lọ oko Ṣèyítán láàárọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi."

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Olóyèdé ni wọ́n wà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ àáró wọn. Olóyèdé ni olórí. Bí àáró wọn ṣe rí ni pé kí gbogbo wọn ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n bọ́ sí oko ẹlòmíràn tó bá dọ̀la. Tẹ́lẹ̀ rí, kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba inú igbó tó wà lọ́nà oko, àáró ti di ohun tí wọ́n fi ń pa ara wọn mọ́. Kò sí ẹni tó ń dá oko lọ mọ́. Ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ kò lóko, bó ti wù kí iṣu tó gbìn ta tó.

Ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ kò ṣòro yé. Lọ́dún tó kọjá, oko Jónà ni wọ́n wà tí ejò fi ṣán àbúrò Ṣèyítán, ọmọ náà sì dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e débi ìtọ́jú. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, oko Jónà náà tún ni wọ́n wà tí àwọn ajínigbé fi yọ sí wọn. Gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọláoyè, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ni kò lè sá, òun ni wọ́n gbé wọgbó lọ. Etí odò ni àwọn ọdẹ ti rí òkú rẹ̀, ó ti wú.

Ṣèyítán tutọ́ sílẹ̀. "Ká wá kan ilẹ̀kùn ẹ, kí ikú bá wa jáde níbẹ̀?"

"Ṣèyítán, fara balẹ̀," Olóyèdé wí. Ó yíjú sí Jónà. "Èmi kọ́ ni mo ríran o. Wòlíì Adéjùmọ̀ ló ríran. Ó ní Jónà kan wà láàárín wa, ìjì ò sì ní dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan sì ni Jónà tá a ní."

"Jónà inú Bíbélì ṣẹ Ọlọ́run. Kí lèmi ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Orúkọ yẹn ló ń bá ọ jà. Ẹni tó ń sá fún Ọlọ́run ló jẹ́ ẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá gbogbo ẹni tó bá a rìn. Lọ́jọ́ Àìkú, Wòlíì á da omi lé ọ lórí, á sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì, àbí ò dáa? Tó bá di ọjọ́ Ajé, oko tìẹ la ó kọ́kọ́ dé. Àwa náà la ó bá ọ wa iṣu yẹn tán."

Abdulwahab, tó kéré jù nínú wọn, ti ń fi igi ha ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó gbójú sókè. "Ẹ dákun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dọ̀ tiwa, Yunusa là ń pè é. Orúkọ burúkú kọ́. Ànábì Ọlọ́run ni. Ẹja gbé e mì, ó ṣàdúà nínú òkùnkùn, Ọlọ́run yọ ọ́. Torí pé ó yọ la ṣe ń fi sọ ọmọ. Àdúà ẹ̀ gan-an ni ìyá mi ń kà nígbà tí Ọláoyè wà nínú igbó."

"Ó dáa, Lémọ́ọ̀mù," Ṣèyítán wí. "Ọláoyè dà?"

Abdulwahab dorí kodò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi rẹ̀ ha ilẹ̀ títí wọ́n fi túká.

Nígbà tí Jónà délé, Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì jókòó tán tí obìnrin náà ti ń bi í léèrè, ó sì rò fún un.

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní mo máa rò ó."

"Kí lẹ fẹ́ rò níbẹ̀, Bàbá Tèmídayọ̀? Iṣu wà nínú ilẹ̀, màálù ń fẹsẹ̀ tú ebè lójoojúmọ́. Ṣé orúkọ ni màá gún lódó lálẹ́ yìí? Ká wá fẹ̀fọ́ jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jónà, àmọ́ kò jáde. "Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

"Bàbá yín ti kú," ni obìnrin náà wí, kò sì gbójú kúrò lára ẹ̀fọ́. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà má kú. Ohun témi ń tọrọ kò ju ìyẹn lọ."

Jónà mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó pinnu pé òun á jẹ́ Sámúẹ́lì. Ṣùgbọ́n ó rò pé kò yẹ kí òun bọ́ orúkọ tí bàbá òun fún òun sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá òun gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gun ọ̀kadà lọ sí Osi, níbi tí Susanna ìyá rẹ̀ ń gbé.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá a, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rò tán.

"Sámúẹ́lì," ni ìyá náà wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. "Wòlíì yín yìí, ṣé ó bi ọ́ pé níbo ni bàbá rẹ ti rí Jónà?"

"Inú Bíbélì ni, Yèyé. Ta ni ò mọ̀yẹn?"

"Bàbá rẹ ò rí i nínú Bíbélì."

Ó gbé ìgbá ẹ̀wà náà sílẹ̀.

"Òkè Ọya la wà nígbà yẹn. Bàbá rẹ ń ránṣọ. Mo lóyún rẹ, ó ti wọ oṣù ìbí. Alápatà kan wà nínú ọgbà ilé tá a ń gbé, Hausa ni, Yunusa lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀dọ̀ màálù ránṣẹ́ sí mi, ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń mú ọmọ lágbára. Bàbá rẹ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ alápatà ni mo fẹ́ bí.

"Lọ́jọ́ tí ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáná sunlé àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Yunusa kó wa sínú yàrá tó ń kó awọ màálù sí, ó kó awọ bò wá lórí. Òórùn yẹn, Jónà! Títí dòní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe pọ̀nmọ́, mo máa ń fi gèlè bo imú mi. À ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní a ò sí níbẹ̀. Ó fi Àlùkùránì búra. Wọ́n lọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n padà. Ẹnì kan ti tú wa fó."

Adìyẹ kan wá ń ṣa ẹ̀wà jẹ nínú ìgbá náà, ìyá náà kò sì lé e.

"Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n pa á sí. Kò kúrò lójú ọ̀nà fún wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣá a ni ọkọ̀ ṣọ́jà dé, tí wọ́n fi túká. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà máa kó wa jáde, òkú rẹ̀ la gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí. Ẹnu ọ̀nà yẹn há, Jónà. Kò síbòmíràn tá a lè gbà."

Jónà na ọwọ́, ó lé adìyẹ náà.

"Ìgbà tí mo bí ọ níbí, bàbá rẹ ní Yunusa lọmọ òun máa jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì fárígá. Wọ́n ní orúkọ Mùsùlùmí ni, àwọn ò lè fi ṣèrìbọmi fọ́mọ. Katikíìsì àgbà kan ló pẹ̀tù sí i. Ó ní kí wọ́n má jà, pé ẹnì kan náà ni Yunusa àti Jónà. Àwọn Lárúbáwá pè é bó ṣe rọ̀ wọ́n lẹ́nu, àwa náà pè é bó ṣe rọ̀ wá. Ó ní lédè Hébérù tó ti wá, àdàbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ò bá ẹnikẹ́ni du àdàbà, alápatà lòun mọ̀. Bó ṣe gbà pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Jónà nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Bàbá rẹ ló ní kí n má sọ ọ́. Ó ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní fúyẹ́. Ojú tún ń tì í. A ò padà lọ kí ìyàwó ọkùnrin náà. Ẹ̀rù ń bà wá."

"Kí ni kí n wá ṣe, Yèyé?"

"Èmi ò mọ̀." Ó gbé ìgbá rẹ̀ padà sórí itan. "Mi ò ní oko, mi ò sì lọ́mọ kékeré tí mò ń bọ́. Ìwọ lo ní wọn."

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì Wòlíì Adéjùmọ̀ kún. Olóyèdé àti Ṣèyítán jókòó síwájú. Wòlíì kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gbààwẹ̀ jù nígbà tí wọ́n gbé Ọláoyè lọ, òun náà ló sìnkú rẹ̀. Ó mú Jónà kúnlẹ̀, ó gbàdúrà lórí omi, ó bù ú sí i lórí títí ó fi ṣàn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀.

"Láti òní lọ, o kì í ṣe Jónà mọ́. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ kí ìjọ gbọ́. Kí lorúkọ rẹ?"

Jónà gbójú sókè. Olóyèdé ń mi orí sí i, bí ìgbà tí àgbà ń tan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ kó lè rìn wá. Ìbídùnní di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ Sámúẹ́lì náà sílẹ̀. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n Jónà. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láìmọye ìgbà lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu, ohun tó rí ni ẹnu ọ̀nà tóóró kan, àti ọkùnrin tí kò kúrò níbẹ̀.

"Jónà," ló wí.

"O ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹni tó jẹ́ ẹ kí n tó jẹ́ ẹ, ó kú kí wọ́n má bàa pa ìyá mi. Kì í ṣe ẹni tó sá. Mi ò lè kọ̀ ọ́ níṣojú yín."

Ariwo sọ. Ṣèyítán bẹ́ dìde. "Ẹ ti rí i báyìí? Ẹ ti gbọ́ ọ! Kó máa gbé ikú ẹ̀ lọ!" Olóyèdé kò pariwo ní tiẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Jónà kọjá lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, kò sì wo ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abdulwahab wá dúró lójúde, ó kọ̀, kò wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ǹ bá tẹ̀ lé yín lọ sóko. Àmọ́ Olóyèdé ní ẹni tó bá tẹ̀ lé yín, kó máa bá yín ṣe lọ. Ọwọ́ àwọn ọmọ mi ò tíì tó nǹkan."

"Mo mọ̀. Máa lọlé, kílẹ̀ tó ṣú."

Ìbídùnní gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró kọjá níwájú ilé wọn, ẹsẹ̀ wọn ń dún, kò sì sẹ́ni tó dúró. Nígbà tí wọ́n ti lọ jìnnà, Jónà mú àdá rẹ̀. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ti gbé Tèmídayọ̀ fún ará ilé kejì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ ò lè máa wa iṣu kẹ́ ẹ tún máa ṣọ́ igbó. Ẹ máa wà á. Èmi á máa ṣọ́ ọ."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Jónà ń wa iṣu, kò gbórí sókè. Ìbídùnní dúró sórí òkìtì ọ̀gán, ó kọjú sí igbó, àdá kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí òun lè fi ṣe. Oòrùn ti ń mú nígbà tí nǹkan ṣẹ́ igi nínú igbó. Ó dákẹ́. Ó tún ṣẹ́ ẹ, ó súnmọ́ tòsí. Obìnrin náà yíjú wẹ́yìn, kò rí ọkọ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ebè, ewé iṣu sì ti bò ó.

"Jónà!"

Ọkùnrin náà gbérí láàárín ewé. "Èmi rèé."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo igbó. Nǹkan kan kò jáde. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́ títí dòní. Wọ́n di èyí tí wọ́n ti wà, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún màálù, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ní Iloffa, níbi tó ti pàtẹ ìwọ̀nba iṣu náà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ò pe orúkọ ọkọ òun rí. Ta ni í pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Ó ní àárín ìgbà tí òun pè é sí ìgbà tó dáhùn gùn ju gbogbo ọdún tí òun ti lò nílé rẹ̀ lọ, òun ò sì bá a jiyàn orúkọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo bi í bóyá wọ́n tún máa padà lọ wa èyí tó kù. Ó na iṣu kan sí mi, ó ní kí n wò ó dáadáa, kò ní ọgbẹ́ kankan lára, torí ẹni tó wà á mọ̀ pé òun ń ṣọ́ igbó.